Òkè Ni Gbogbo Ayé Ń Wò, Ilẹ̀ Ni Èmi Fẹ́ Sọ

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí olùkọ́ eré ìdárayá kan sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òbí àti olùkọ́ ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ CEG, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, tí ẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí pé àga kò kárí, mo kí yín o. Ẹ kú ìjókòó, ẹ sì kú ooru. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí eré fífò sókè, kí n mú ẹnì kan tí ó fi eré náà rìn káàkiri ayé, kí n sì ti inú ìtàn rẹ̀ sọ ohun tí mo bá fẹ́ sọ. Ẹni tí mo mú ni Javier Sotomayor, ọmọ Kúbà. Mo mọ̀ pé ó wu àwọn kan nínú yín kí n mú agbábọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ní àwọn tí ń sọ tirẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá àti òpó méjì náà rí àyè lónìí.

Síbẹ̀, orí pápá bọ́ọ̀lù ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí ojú yín mọ̀ nìyẹn. Ọ̀pá orí gọ́ọ̀lù, èyí tí bọ́ọ̀lù máa ń lù tí gbogbo èrò á fi figbe ta, mítà 2.44 ni ó fi ga kúrò nílẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1993, ní ìlú Salamanca ní Sípéènì, Sotomayor sáré wá, ó fi ẹsẹ̀ kan ta kúrò nílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn gba orí ọ̀pá tí wọ́n gbé sí mítà 2.45 kọjá. Ọ̀pá náà kò jábọ́. Ká ní gọ́ọ̀lù tí ẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù sí ni wọ́n gbé síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, yóò ré e kọjá, sẹ̀ǹtímítà kan yóò sì ṣẹ́kù. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí, kò sì sí ọkùnrin mìíràn tí ó tíì fò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó súnmọ́ ọn jù ni Mutaz Barshim, ọmọ Qatar, tí ó fò 2.43 ní Brussels ní 2014.

Tí ẹ bá lọ wo fídíò fífò yẹn lórí fóònù, òkè ni ojú yín yóò wà, níbi tí ẹ̀yìn ọkùnrin náà ti ń kọjá lára ọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ènìyàn. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní eré yìí ọjọ́ pẹ́, ojú mi kì í kọ́kọ́ lọ sókè mọ́. Ibi tí ọmọ yóò balẹ̀ sí ni mo máa ń wò. Ohun tí mo sì bá wá síbí nìyẹn: ibi ìbalẹ̀ ni ó ń sọ bí ènìyàn ṣe lè fò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn ọkùnrin náà ná, a ó débẹ̀.

Ọjọ́ 13 oṣù Kẹwàá ọdún 1967 ni wọ́n bí Sotomayor ní Limonar, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Matanzas. Ẹ̀yin àgbà Kétu, ó yẹ kí orúkọ Matanzas ta yín létí. Ó wà lára ibi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ lẹ́rú láti lọ gé ìrèké. Lukumí ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Títí di òní ni wọ́n ń lu ìlù fún Ṣàngó, fún Yemọja àti fún Ọ̀ṣun ní Matanzas. Ẹgbẹ́ Iyesá, ìyẹn àwọn Ìjẹ̀ṣà, ti wà níbẹ̀ láti 1845. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Arará náà ń bẹ níbẹ̀, ìdí tiwọn sì jẹ́ ti Aladà àti Dàhọ̀mì. Ẹ ò rí ọ̀rọ̀ ayé: Dàhọ̀mì tí ó wá fọ́ Kétu yìí ní 1886, tí ó kó bàbá àti ìyá àwọn bàbá wa lọ, ọmọ wọn àti ọmọ Yorùbá ti jọ wà nínú oko ìrèké kan náà lókè òkun tipẹ́. Mi ò sọ ìtàn ìdílé Sotomayor o. Ìlú tí ó bí i ni mo ń sọ, kí ọmọ Kétu má baà rò pé ọ̀nà jíjìn réré ni mo ti lọ mú àpẹẹrẹ.

Ní Kúbà, lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba ní 1959, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ eré ìdárayá sílẹ̀ káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá rí ẹ̀bùn lára rẹ̀ yóò wọ ibẹ̀. Á máa kàwé, á máa ṣeré, ìjọba ni yóò máa bọ́ ọ. Ibẹ̀ ni Sotomayor ti jáde. Nígbà tí ó di 1984, kò tíì pé ọmọ ọdún 17, ó ti fò 2.33. Ẹ má gbàgbé pé gíga yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí ó fi gba wúrà Òlíńpíìkì nígbà tí ó dàgbà.

Ọdún 1984 yẹn ni Òlíńpíìkì wáyé ní Los Angeles. Kúbà kò lọ, torí ìjà òṣèlú tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà. Ìhà Rọ́ṣíà ni Kúbà wà. Ọmọ náà jókòó sílé. Ọdún mẹ́rin kọjá. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1988, ní Salamanca kan náà, ó fò 2.43, ó gba rẹ́kọ́ọ̀dù ayé lọ́wọ́ Patrik Sjöberg ọmọ Sweden, ẹni tí ó ti fò 2.42. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni Òlíńpíìkì bẹ̀rẹ̀ ní Seoul ní Kòríà. Kúbà tún kọ̀ láti lọ, wọ́n ní àwọn ń ti Kòríà ti Àríwá lẹ́yìn. Ẹni tí ó gba wúrà ní Seoul, Gennadiy Avdeyenko, 2.38 ni ó fò.

Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ fúnra yín. Ẹni tí ó fi sẹ̀ǹtímítà márùn-ún ju olúborí lọ wà nílé bí èyíkéyìí nínú wa. Inú mi kì í dùn tí mo bá dé ibí yìí. Àwọn àgbà ni wọ́n ń bá ara wọn jà, ẹsẹ̀ ọmọ ni wọ́n dè. Òlíńpíìkì méjì lọ bẹ́ẹ̀, ayé eléré ìdárayá kì í sì í gùn.

Ó ṣáà ń fò. Ní oṣù Kẹta 1989, ní Budapest, ó fò 2.43 nínú gbọ̀ngàn. Rẹ́kọ́ọ̀dù inú ilé sì ni ìyẹn títí di òní. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ní San Juan ní Puerto Rico, ó fò 2.44. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ nìyẹn, òun sì ni ọkùnrin àkọ́kọ́ tí ó fò ó. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, José Godoy, kóòṣì tí ó tọ́ ọ dàgbà nínú eré náà, kú.

Ó tó 1992 kí ó tó rí Òlíńpíìkì àkọ́kọ́, ní Barcelona. Kí Barcelona lè yé yín, ẹ gbọ́ òfin eré yìí. Wọ́n á gbé ọ̀pá sí gíga kan, ìwọ á sì ní ìgbà mẹ́ta láti gbìyànjú. Tí o bá já ọ̀pá bọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, o ti jáde nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan ni o gbọ́dọ̀ fi ta kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ méjèèjì fò, wọn kò ní kà á. O lè ní o kò fò ní gíga kan, kí o dúró de èyí tó ń bọ̀. Bí ẹni méjì bá wá parí sí gíga kan náà, wọ́n á wo ẹni tí ìkùnà rẹ̀ kéré jù lórí gíga yẹn. Bí wọ́n bá tún dọ́gba, wọ́n á ka ìkùnà gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ eré.

Ní Barcelona, ọkùnrin márùn-ún ni wọ́n parí sí 2.34. Márùn-ún! Kíka ìkùnà ni ó fún Sotomayor ní wúrà. Sjöberg, ẹni tí Sotomayor ti gba rẹ́kọ́ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ̀, gba fàdákà. Àwọn mẹ́ta yòókù, Artur Partyka ọmọ Poland, Tim Forsyth ọmọ Ọsirélíà àti Hollis Conway ọmọ Amẹ́ríkà, jọ pín idẹ. Ẹni tí ó ti fò 2.44 rí wúrà he pẹ̀lú 2.34. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ pé kí wọ́n má fi gíga kékeré ṣeré. Ọ̀pá tí o já bọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí o rò pé kò tó nǹkan, ó lè padà wá bá ọ nígbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Sotomayor gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé ní Stuttgart ní 1993 pẹ̀lú 2.40, àti ní Athens ní 1997 pẹ̀lú 2.37. Ní Atlanta ní 1996, ara rẹ̀ kò dá, kò rí nǹkan kan gbà.

Mo mọ ohun tí àwọn ọmọ kúkúrú tó wà níbí ń rò. Sotomayor ga, bíi mítà 1.95. Ṣùgbọ́n Stefan Holm ọmọ Sweden tí ó gba wúrà ní Athens ní 2004, 1.81 péré ni, ó sì fò 2.40 nínú gbọ̀ngàn ní 2005. Franklin Jacobs, ọmọ Amẹ́ríkà, kò ju 1.73 lọ, ó fò 2.32 ní 1978, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 59 ju orí ara rẹ̀ lọ. Gíga ń ranni lọ́wọ́, n kò ní purọ́. Àmọ́ mo ti rí ọmọ gíga tí kò lè fo okùn ọgbà.

Mo ti sọ tòkè tó. Ẹ jẹ́ kí á bọ́ sílẹ̀.

Láyé àtijọ́, yanrìn ni wọ́n ń balẹ̀ sí, tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó. Ẹni tí yóò bá balẹ̀ sórí yanrìn, ẹsẹ̀ ni kí ó fi balẹ̀, tàbí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ pọ̀. Tí ó bá fi ọrùn balẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti ilé ìwòsàn. Nítorí náà, irú fífò tí ayé mọ̀ nígbà náà ni èyí tí ń dá ènìyàn padà sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn kan ń gbé ẹsẹ̀ kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹnu àlùmọ́gàjí. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀gbẹ́ yí kọjá. Ọ̀nà yẹn ni George Horine ọmọ Amẹ́ríkà gbà di ẹni àkọ́kọ́ tí ó fò mítà 2, ní 1912. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dojú bolẹ̀ lórí ọ̀pá, kí ikùn máa wo ọ̀pá bí wọ́n ṣe ń yí kọjá. Ọba irú fífò yẹn ni Valeriy Brumel, ọmọ Rọ́ṣíà, tí ó fò 2.28 ní 1963. Ní 1965, alùpùpù já a lulẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ yánkan-yànkan. Dókítà Ilizarov ní ìlú Kurgan bá a to eegun náà pa pọ̀, Brumel sì padà fò ju mítà 2 lọ. Ṣùgbọ́n kò gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì kankan mọ́.

Àwọn ará ilé wa náà wà níbẹ̀ nígbà yanrìn yẹn, n kò sì mọ̀dí tí a kì í fi í sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ. Ẹni àkọ́kọ́ ni Ọmọọba Adegboyega Adedoyin, ọmọ Ṣágámù, ọmọ Akárìgbò Rẹ́mọ. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó lọ kọ́ ní Belfast. Nàìjíríà kò tíì máa lọ sí Òlíńpíìkì nígbà náà, nítorí náà abẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti fò ní London ní 1948. Ó dé àṣekágbá nínú fífò sókè, ó sì ṣe ipò karùn-ún nínú fífò jìnnà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Josiah Majekodunmi, tí ó gba fàdákà ní Auckland ní 1950, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà níbi ìdíje yẹn nìyẹn, ẹsẹ̀ afòsókè ni ó sì gbé e wálé.

Ẹni kẹta ni Emmanuel Ifeajuna, ọmọ Ìgbò láti Onitsha. Níbi ìdíje kan náà, ní Vancouver ní Kánádà, ní 1954, ó fò 2.03, ó gba wúrà. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé. Patrick Etolu ọmọ Uganda ṣe ìkejì, Nafiu Osagie ọmọ Nàìjíríà ṣe ìkẹta. Ilẹ̀ Áfíríkà kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nípa Ifeajuna ni pé bàtà kan ṣoṣo ni ó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ òsì tí ó fi ń ta kúrò nílẹ̀ ni ó wọ bàtà, èkejì wà lófìfo. Ọmọ CEG tí ó bá wá sọ fún mi lọ́la pé òun kò lè fò nítorí pé òun kò ní bàtà, mo ti ní ìdáhùn sílẹ̀.

Ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn Vancouver ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Dick Fosbury, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan ní Oregon ní Amẹ́ríkà, kò mọ irú fífò tí ń dojú bolẹ̀ yẹn ṣe. Ó ń gbìyànjú títí ara rẹ̀ fi kọ́ ọ ní tirẹ̀: kó sáré yípo díẹ̀ wá, kó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá, kó fi orí ṣáájú, kó sì fi ẹ̀yìn balẹ̀. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ní Mexico ní 1968, ó fò 2.24, ó gba wúrà, ẹ̀rín sì dáwọ́ dúró. Lónìí kò sí ẹni tí ń dé àṣekágbá ayé tí kì í fò bíi tirẹ̀, àti Sotomayor àti Barshim.

Gbogbo ènìyàn ń yin ọpọlọ Fosbury, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sábà sọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó yanrìn àti ẹ̀rún pákó kúrò, tí wọ́n sì fi fóòmù rọ́pò rẹ̀. Ká ní yanrìn ni ó wà níbẹ̀ títí tí ó fi jáde, ta ni yóò fi ẹ̀yìn àti èjìká balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí rẹ̀? Fóòmù ni ó kọ́kọ́ dé, kí fífò tuntun náà tó lè gbilẹ̀. Ọpọlọ Ifeajuna kò kéré sí ti Fosbury, yanrìn ni ó bá.

Àǹfààní wo wá ni ó wà nínú kíkọ ẹ̀yìn sí ọ̀pá? Ẹ wò ó: tí ènìyàn bá tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ kọdọrọ lórí ọ̀pá, orí àti èjìká á ti máa bọ̀ nílẹ̀ ní ìhà kejì, ìbàdí nìkan ni yóò wà lókè, ẹsẹ̀ á sì wà nílẹ̀ ní ìhà ìbí. Apá kọ̀ọ̀kan ń kọjá ní tirẹ̀, gbogbo ara kì í wà lókè ọ̀pá lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, agbára tí ó yẹ kó gbé ènìyàn dé abẹ́ ọ̀pá ń gbé e gba orí rẹ̀ kọjá. Sísáré yípo ní ìgbẹ̀yìn ń mú kí ara fì sí inú, bí ẹsẹ̀ bá sì ti tẹlẹ̀, ara á nà, á sì yí fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó jìnnà sí ọ̀pá ni wọ́n fi ń ta. Kò tó ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan tí ẹsẹ̀ náà fi wà nílẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ ọdún pípẹ́, ibẹ̀ ni ó ń parí sí, ibẹ̀ náà sì ni ọrùn ẹsẹ̀ ti ń dá. Ọrùn ẹsẹ̀ Gianmarco Tamberi, ọmọ Ítálì, bàjẹ́ ní Monaco ní 2016, kò lè lọ sí Òlíńpíìkì Rio. Ti Barshim bàjẹ́ ní 2018 níbi tí ó ti ń gbìyànjú 2.46, gíga tí ì bá gba ipò Sotomayor. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n pàdé ní Tokyo ní 2021. Wọ́n fò 2.37 láìkùnà rí, wọ́n jọ kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní 2.39. Adájọ́ ní kí wọ́n fò ó tán. Barshim bi í bóyá àwọn méjèèjì lè gba wúrà. Nígbà tí adájọ́ ní ó ṣeé ṣe, kò sí àríyànjiyàn mọ́, wọ́n ti dì mọ́ ara wọn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa níbí yìí, torí òun ni mo tìtorí rẹ̀ gbà láti wá. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tiwa, okùn ni a so mọ́ igi méjì, yanrìn ni a sì dà sílẹ̀. Òjò ti rọ̀ lé yanrìn náà, oòrùn ti pa á, ó ti le bí ojú ọ̀nà. Ẹ ti wo Barshim lórí fóònù, ẹ sì fẹ́ fi ẹ̀yìn fò bíi tirẹ̀. Tìmùtìmù tí Barshim ń balẹ̀ sí fẹ̀ tó mítà 6 sí 4, ó sì nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 70. Ọmọ tí ó bá fi ẹ̀yìn fò sórí yanrìn tiwa, ọrùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kanlẹ̀. Lórí yanrìn, ẹsẹ̀ ni ẹ ó máa fi balẹ̀, bí Majekodunmi ṣe ṣe é. N kò ní gba ohun mìíràn, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ìdánwò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sì rò pé owó ńlá ni a ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ṣe tìmùtìmù olówó gọbọi, àwọ̀n ńlá tí wọ́n kó àjákù fóòmù sí ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kan ń lò. Àjákù fóòmù kò wọ́n ní Kétu. Àwọn tí ń ṣe àga ìjókòó ń dà á nù.

Mo ní mo fẹ́ sọ ti ilẹ̀, ilẹ̀ kan sì kù tí n kò tíì sọ, ìyẹn ibi tí ayé eléré fúnra rẹ̀ ń balẹ̀ sí. Ní 1999, níbi ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Winnipeg, wọ́n bá kokéènì nínú ìtọ̀ Sotomayor. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kí ó má fò fún ọdún méjì. Castro fúnra rẹ̀ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n láti gbèjà rẹ̀, ó ní àwọn ọ̀tá ni ó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n dín ìyà náà kù sí ọdún kan, èyí jẹ́ kí ó lè lọ sí Sydney ní 2000, ó sì gba fàdákà níbẹ̀ pẹ̀lú 2.32. Ní 2001, ọdún tí ó fẹ̀yìn tì, wọ́n tún bá oògùn amáragun tí ń jẹ́ nandrolone lára rẹ̀. Òun ní òun kò jẹ̀bi. N kò ní gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, n kò sì ní pa á rẹ́ kúrò nínú ìtàn. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé, àyẹ̀wò wọ̀nyẹn náà ṣì wà nínú ìwé.

Adedoyin ní ìmọ̀ ìṣègùn tí ó balẹ̀ sí. Ifeajuna lọ sí Yunifásítì ní Ìbàdàn lẹ́yìn Vancouver, kò fò lórí pápá ńlá mọ́. Ó ṣe olùkọ́, ó wọṣẹ́ ológun, ó di mẹ́jọ̀. Ó wà lára àwọn tí ó dìtẹ̀ gba ìjọba ní oṣù Kìíní 1966. Ní oṣù Kẹsàn-án 1967, nígbà ogun Biafra, wọ́n yìnbọn pa á ní Enugu, òun àti Victor Banjo tí í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ tí gbogbo ìlú ti gbé lọ́wọ́ sókè nítorí wúrà, ọdún 13 péré lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí tí mo fẹ́ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Ìyá kan bi mí bóyá eré yìí dára fún ọmọbìnrin, pé wọ́n ní ó máa ń ba ilé ọmọ jẹ́. Ìyá mi, ẹ má gbọ́ tiwọn. Stefka Kostadinova, ọmọ Bọ̀lìgéríà, fò 2.09 ní Rome ní 1987. Ó bímọ ní 1995. Lọ́dún yẹn gan-an ó gba wúrà níbi ìdíje àgbáyé, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì ní 1996. Ó tó 2024 kí Yaroslava Mahuchikh, ọmọ Yukréènì, tó fi sẹ̀ǹtímítà kan jù ú, ní Paris. Nílẹ̀ Áfíríkà, Hestrie Cloete ti South Africa fò 2.06 ní 2003. Nílé wa ní Bẹ̀nẹ̀, Odile Ahouanwanou ń ṣe eré oníṣẹ́ méje, fífò sókè sì wà nínú méje náà. Ó gbé e dé Òlíńpíìkì Tokyo.

Ọmọdékùnrin kan bi mí pé gíga wo ni kí òun ti bẹ̀rẹ̀. Gíga orúnkún rẹ ni, ọmọ mi, kí o sì fi ẹsẹ̀ balẹ̀ láìṣubú lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó gbé okùn sókè. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀ ní pápá CEG, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ó bá ní fóòmù àtijọ́ nílé, kí ó gbé e wá. Ẹni tí ó bá mọ oníṣẹ́ àga, kí ó bá wa tọrọ àjákù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta àgbàdo, àpò ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, àwọn tí kò tíì ya.